Bọ́ọ̀lù Mẹ́rìnlélógójì Lápá Òsì Àúdù

Àìkú, 8 oṣù kẹsàn-án 2019

Òjò látàárọ̀. Kóòṣì Alfred gba inú rẹ̀ wá, bàtà rẹ̀ kún fún ẹrẹ̀, kò tilẹ̀ jókòó kó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀. Lẹ́tà ti dé láti Abẹ́òkúta. Wọ́n máa mú ẹnì kan ṣoṣo láti inú líìgì wa lọ fún ìdánwò ẹgbẹ́ bésíbọ́ọ̀lù ìpínlẹ̀, eré tí a ń fi igi gbá bọ́ọ̀lù kékeré. Ipò tó ṣófo ni ti ẹni tó ń dúró mú bọ́ọ̀lù láàárín bésì kejì àti ìkẹta, àwọn ibi tí ẹni tó gbá bọ́ọ̀lù ń sáré dé. Nínú ẹgbẹ́ mẹ́fèèfà, ẹni méjì ló tó bẹ́ẹ̀: Àúdù àbúrò mi, àti Ìdùnnúolúwa ti Aiyétòrò.

"Wọn ò fẹ́ ìtàn, Tíṣà," Alfred wí. "Nọ́ńbà ni wọ́n ń bèèrè. Gbogbo bọ́ọ̀lù tó wá bá kálukú láti ọjọ́ tó ti ń ṣeré, èyí tó mú àti èyí tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, ká wá fi wé ìpíndọ́gba líìgì. Ọwọ́ yín sì ni ìwé wà."

Ọwọ́ mi ló wà lóòótọ́. Ọdún mọ́kànlá ni mo ti ń kọ̀wé eré líìgì, ìwé mọ́kànlá, nínú àpótí onírin lábẹ́ ibùsùn.

Ẹni tó bá yege, wọ́n á gbà á síṣẹ́ olùkọ́ eré, iṣẹ́ olówó oṣù. Alfred fi èyí ṣe ìkẹyìn ọ̀rọ̀ rẹ̀, ó sì ń wo ojú mi bó ṣe ń sọ ọ́.

Ọjọ́rú, 11 oṣù kẹsàn-án

Kóńgò ìrẹsì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po méjì iye tí mo rà á kí wọ́n tó ti bọ́dà. Iṣu la jẹ.

Ìyá wa bá mi níbi tí mo ti tẹ́ ìwé sílẹ̀. "Mùínátù, kí lò ń kà láti àná bí ẹni ń ka tẹ̀sùbáà?"

"Bọ́ọ̀lù Àúdù ni, Ìyá. Gbogbo èyí tí wọ́n ti gbá sí i láti 2009. Bó bá mú un, tó jù ú síbi tó yẹ kí ẹni tó ń sáré tó débẹ̀, rere ni. Bó bá yẹ kó mú un tí kò mú un, àṣìṣe ni."

"Bó bá wá jẹ́ pé kò sí ẹni tó lè mú un ńkọ́?"

"Ẹni tó gbá a ló ni ín nìyẹn. Wọn ò ní ka àṣìṣe sí Àúdù lọ́rùn."

"Ta ló ń sọ èyí tó yẹ kó mú àti èyí tí kò yẹ?"

"Èmi."

"Ìwọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀?"

"Èmi akọ̀wé eré, Ìyá."

Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní kí n máa kà á lọ.

Àbámẹ́ta, 14 oṣù kẹsàn-án

Eré méjì ló yẹ kó wáyé, ọ̀kan ló wáyé. Àwọn Ọjà-Ọ̀dàn ò lè wá. Ibùdó àyẹ̀wò mẹ́jọ ló wà lójú ọ̀nà, àwọn aṣọ́bodè sì ní kí gbogbo wọn sọ̀kalẹ̀ ní ìkẹta pẹ̀lú igi tí wọ́n fi ń gbá bọ́ọ̀lù. Wọ́n yí padà.

Aiyétòrò dé, wọ́n sì nà wá. Bọ́ọ̀lù mẹ́ta péré ló kù fún gbogbo líìgì. Kútọnu la ti ń rà á, ibẹ̀ sì ti di òkèèrè. Aránbàtà tó wà lẹ́nu géètì ilé-ìwé ló bá wa gán ọ̀kan pẹ̀lú òwú bàtà.

Lápá ìparí, bọ́ọ̀lù kan yí gba apá òsì Àúdù kọjá. Kò tilẹ̀ na ìbọ̀wọ́ sí i. Ó yára jù. Mo kọ ọ́ fún ẹni tó gbá a. Ọ̀gá Adégbóyè tó ń kọ̀wé fún Aiyétòrò yíjú wò mí, ó sì kọ tirẹ̀.

Ẹtì, 20 oṣù kẹsàn-án

Mo ti parí ọdún méje àkọ́kọ́. Láti 2009 sí 2015: bọ́ọ̀lù 900, àṣìṣe 72. Nínú ọgọ́rùn-ún tó wá bá a, ó mú 92. Gbogbo àwọn yòókù tó ti dúró sípò yẹn nínú líìgì, 87.

Mo mọ̀ pé ó dára. N kò mọ̀ pé ó dára tó báyìí. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí bàbá wa kú, èmi ni mo ń fà á lọ́wọ́ lọ sílé-ìwé. Ní ọdún tí agùnbánirọ̀ kan kó ìbọ̀wọ́ mẹ́rin wá sí pápá wa, gbogbo àwọn ọmọkùnrin tó kù ń sá fún bọ́ọ̀lù líle yẹn, Àúdù nìkan ló ń sáré lọ pàdé rẹ̀. N kò bí i, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn inú mi dùn bí ẹni tó bí i.

Àbámẹ́ta, 28 oṣù kẹsàn-án

Ó parí. Ọdún mẹ́rin ìkẹyìn: bọ́ọ̀lù 400, àṣìṣe 28. Mẹ́tàléláàádọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún! Àgbà ń kàn án, ọwọ́ rẹ̀ sì ń dára sí i.

Àpapọ̀: bọ́ọ̀lù 1300, àṣìṣe 100. Ìyẹn 92 ó lé díẹ̀. Ìpíndọ́gba líìgì 87. Ìdùnnúolúwa: ọdún mẹ́ta, bọ́ọ̀lù 300, àṣìṣe 27, ó mú 91. Ọmọ náà dára, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ló sọ̀rọ̀.

Mo tún un kọ ní ìwé mímọ́, mo fọwọ́ sí i, Alfred sì gbé e lọ.

Ìṣẹ́gun, 1 oṣù kẹwàá

Ọjọ́ òmìnira. Òjò lé àwọn ọmọ ilé-ìwé kúrò ní pápá kí wọ́n tó yan dé iwájú àwọn àlejò.

Àbámẹ́ta, 12 oṣù kẹwàá

Wọ́n mú Àúdù! Ìdánwò di ọgbọ̀njọ́ oṣù tó ń bọ̀, ní Abẹ́òkúta. Ó gbé Ìyá wa sókè nínú àgbàlá, Ìyá ń pariwo pé kó má ṣẹ́ òun léegun. Jẹ̀mílátù ìyàwó rẹ̀ kúnlẹ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ mi títí ojú fi ń tì mí. Mo ní èmi kọ́, ọwọ́ ọkọ rẹ̀ ni.

Ìdùnnúolúwa pè é lórí fóònù. Mo gbọ́ ohùn rẹ̀: "Ẹ kú oríire o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀yin lẹ kọ́ wa."

Àbámẹ́ta, 19 oṣù kẹwàá

Ọ̀gá Adégbóyè wá láti Aiyétòrò. Ọ̀kadà méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló wọ̀, pẹ̀lú ọdún mọ́kànléláàádọ́rin rẹ̀. Ìwé tirẹ̀ wà nínú àpò ọ̀rá kí òjò má bàa pa á.

"Mi ò wá jà, Mùínátù," ó wí. "Jókòó. Eré tí àwa àti yín ti jọ ṣe láti 2016 ni mo fà lálà. Bọ́ọ̀lù mẹ́tàdínlógún ló kọjá lára Àúdù tí mo kọ àṣìṣe sí, tí ìwọ kọ fún ẹni tó gbá a. Eré tàwa nìkan nìyẹn."

"Ọmọ Aiyétòrò lẹ̀ ń jà fún, ọ̀gá."

"Ká ní òun ni mò ń jà fún, Abẹ́òkúta ni ǹ bá gbé ìwé yìí lọ. Mo gbé e wá sọ́dọ̀ rẹ." Ó dìde. "Mi ò sọ pé o purọ́. Ojú ìfẹ́ lo fi ń wò ó. Tún un wò."

Omi lásán, n kò fi lọ̀ ọ́. Ó fi ìwé rẹ̀ sílẹ̀ lórí àga, ó lọ.

Ajé, 21 oṣù kẹwàá

N kò lọ síbi iṣẹ́. Mo ránṣẹ́ pé orí ń fọ́ mi, kì í sì í ṣe irọ́.

Nínú ìwé mi, gbogbo eré ló ní àwòrán pápá kékeré. Ibi tí bọ́ọ̀lù bá gbà ni mo máa ń fi àmì sí. Mo mú gbogbo bọ́ọ̀lù tó kọjá lára Àúdù tí mo kọ fún ẹni tó gbá a. Mo wá bèèrè lọ́wọ́ ara mi lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan pé: ká ní Ìdùnnúolúwa ni, kí ni ǹ bá kọ?

Àṣìṣe. Àṣìṣe. Àṣìṣe.

Mẹ́fà ní 2016. Mẹ́jọ ní 2017. Méjìlá ní 2018. Méjìdínlógún lọ́dún yìí. Mẹ́rìnlélógójì lápapọ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé òjóró mi nìkan ni mo rí. Lẹ́yìn náà ni mo to àwọn àwòrán náà sórí ilẹ̀, mo dìde dúró, mo wò wọ́n látòkè. Apá kan náà ni gbogbo àmì náà wà. Kò sí ọ̀kan ṣoṣo lápá ọ̀tún. Bí ọwọ́ ẹni bá ń wúwo, ọ̀tún òsì ni yóò ti hàn. Àgbà kì í ti apá kan ṣoṣo wọ ara.

Ìṣẹ́gun, 22 oṣù kẹwàá

Mo pe Àúdù wá jẹ iṣu. Mo ní kó máa wo kàlẹ́ńdà tó wà lára ògiri, kó ka orúkọ oṣù fún mi. Mo dúró lẹ́yìn rẹ̀, mo ń gbé ṣíbí bọ̀ láti apá òsì rẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ó ń kàwé lọ. Ṣíbí dé ẹ̀gbẹ́ etí rẹ̀, ó dé ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú rẹ̀ kó tó ta gìrì.

"Ìgbà wo ni ojú òsì yìí ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ̀gbọ́n mi, iṣu ń tutù."

"Àúdù."

Ó ti àwo iṣu sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ó ti tó ọdún mẹ́ta. Bíi kí wọ́n máa fa kọ́tìnì bo fèrèsé ni, díẹ̀díẹ̀. Mi ò mọ̀ pé ó ti pọ̀ tó báyìí."

"O sì ń gbé èèyàn sẹ́yìn ọ̀kadà?"

"Kí ni kí n máa gbé? Aṣọ tí mò ń gbé láti bọ́dà ò sí mọ́. Ọ̀nà Ọjà-Ọ̀dàn yẹn, bí àtẹ́lẹwọ́ mi ni mo mọ̀ ọ́n. Mo máa ń yí ọrùn mi sósì lóòrèkóòrè."

"Báwo ni wàá ṣe ṣe ti ìdánwò?"

"Bí mo ṣe ń ṣe é bọ̀ náà ni. Màá sún sápá òsì díẹ̀, kí bọ́ọ̀lù lè máa bọ́ sápá ọ̀tún mi." Ó di ọwọ́ mi méjèèjì mú. "Bí wọ́n bá gbà mí síṣẹ́, lọ́jọ́ kejì ni màá ta ọ̀kadà. Màá lọ rí dókítà. Oṣù kan péré, Ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ má sọ fún ẹnikẹ́ni."

Mo ní kó jẹ́ kí n rò ó. Àwa méjèèjì ló mọ̀ pé ìdáhùn mi nìyẹn: n kò ní sọ.

Ẹtì, 25 oṣù kẹwàá

Mo rí Alfred lọ́nà mọ́sálásí. Mo kí i, mo kọjá.

Ọjọ́bọ̀, 7 oṣù kọkànlá

Wọ́n kéde rẹ̀ lórí rédíò: kò gbọdọ̀ sí epo mọ́ ní ilé epo tó bá wà ní ogún kìlómítà sí bọ́dà. Gbogbo ilé epo Ọjà-Ọ̀dàn ti fi okùn dí ẹnu ọ̀nà. Inú ìgò ni wọ́n ti ń tà á lábẹ́ igi báyìí, bíi àgbo. Ọ̀kadà dín kù lójú ọ̀nà, èrò sì ń pọ̀ sí i. Àúdù ní òun ò rí irú ọjà bẹ́ẹ̀ rí. Ó ti ń gbé ìyá àti ọmọ àti ẹrù lẹ́ẹ̀kan.

Òjò ti dáwọ́ dúró. Ilẹ̀ ti ń gbẹ.

Ọjọ́bọ̀, 14 oṣù kọkànlá

Kíláàsì ni mo wà nígbà tí Jẹ̀mílátù pè. Ẹkún nìkan ni mo gbọ́.

Àúdù gbé obìnrin kan láti ọjà Ọjà-Ọ̀dàn, ó ń lọ sí Ìmàsàyí. Ọkọ̀ tí kò ní nọ́ńbà, tó kó ìrẹsì dé òrùlé, já jáde láti ọ̀nà inú igbó, ó gbá wọn láti ẹ̀gbẹ́, kò sì dúró. Egungun èjìká Àúdù kán. Obìnrin náà fi orí gbálẹ̀. Àṣìkẹ́ lorúkọ rẹ̀, ó ń yan gàrí ní Ìmàsàyí.

Mo bi àwọn tó gbé wọn wá pé apá wo ni ọkọ̀ náà ti jáde.

Òsì.

Ẹtì, 15 oṣù kọkànlá

Àṣìkẹ́ ò tíì lajú. Ọkọ rẹ̀, Gbọ́lá, àgbẹ̀ tó ga, tí kò fi bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, jókòó sórí bẹ́ǹṣì lẹ́nu ọ̀nà wọ́ọ̀dù, fìlà rẹ̀ wà lórí orúnkún. Ó dìde kí mi. Ó ní wọ́n sọ fún òun pé pẹ̀lú apá kíkán, Àúdù rákò lọ gbé orí ìyàwó òun lé itan. "Ẹ bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ àbúrò yín, ìyá."

Mo ní kò tọ́pẹ́. Ọlọ́run mọ ohun tí mo sọ.

Àìkú, 17 oṣù kọkànlá

Àṣìkẹ́ kú kí oòrùn tó yọ tán. Ọmọ mẹ́ta.

Ìṣẹ́gun, 19 oṣù kọkànlá

Wọ́n sin ín lánàá. Níbi gbogbo tí mo dé, ọkọ̀ ìrẹsì ni wọ́n ń ṣépè fún. Ó sì tọ́ kí wọ́n ṣépè fún un: ó sáré ju bó ṣe yẹ, kò fọn fèrè. Ṣùgbọ́n obìnrin tó ń ta ọsàn níbi ìjàǹbá náà sọ fún mi pé òun rí i lókèèrè, òun tilẹ̀ kígbe. Ọmọ tó ń da ewúrẹ́ rí i. Ọlọ́kadà tó wà lẹ́yìn wọn rí i, ó dúró.

Àúdù nìkan ni kò rí i.

Ọjọ́bọ̀, 21 oṣù kọkànlá

Alfred wá kí wa. Ó ní kò sí bí ẹni tí èjìká rẹ̀ kán ṣe lè lọ ìdánwò. Ìdùnnúolúwa ni wọ́n máa rán lọ. "Ẹ má fi sọ́kàn, Tíṣà. Kò sẹ́ni tó máa bi yín léèrè ìwé mọ́."

Òótọ́ ló sọ. Kò sẹ́ni tó máa bi mí. Ọ̀gá Adégbóyè kì í ṣe ẹni tó ń pariwo. Bí mo bá ti àpótí yẹn bọ abẹ́ ibùsùn, ó parí nìyẹn.

Mo fi àpótí náà sílẹ̀ lójú yàrá.

Ìṣẹ́gun, 26 oṣù kọkànlá

Abẹ́òkúta, lọ́dọ̀ dókítà ojú. A kúrò nílé ní aago márùn-ún ìdájí, a dé bẹ̀ ní mọ́kànlá. Jẹ̀mílátù bá wa lọ. Ọ̀nà la ti sọ fún un. Kò sunkún. Ó yíjú sí fèrèsé ọkọ̀, kò sì bá ìkankan nínú wa sọ̀rọ̀ mọ́ títí a fi dé.

Dókítà obìnrin ni. Ó ní ohun tó ń ti ojú láti inú ló ti pa iṣan ojú òsì, kò sì sí oògùn tó ń jí i. Ó ti fọwọ́ ba ọ̀tún. Ẹ̀kán oògùn kan láàárọ̀, ẹ̀kán kan lálẹ́, títí ayé, kí èyí tó kù má bàa lọ. Kò gbọdọ̀ gun ọ̀kadà mọ́ láé.

"Ẹ pẹ́ jù kẹ́ ẹ tó wá," ó wí. "Ṣé kò sí àmì kankan tẹ́ ẹ rí ní bí ọdún mẹ́ta sẹ́yìn?"

Àúdù wolẹ̀. Èmi ni mo ní, "Ó wà. Mo tilẹ̀ kọ ọ́ sílẹ̀. Orúkọ mìíràn ni mo fún un."

Kò yé e. N kò sì là á yé e.

Àbámẹ́ta, 30 oṣù kọkànlá

Òní ni ìdánwò. Mo jókòó ti tábìlì, mo kọ òótọ́.

Àúdù, 2016 sí 2019: bọ́ọ̀lù 444, àṣìṣe 72. Ó mú 84. Líìgì 88.
Ọdún yìí nìkan: bọ́ọ̀lù 108, àṣìṣe 24. Ó mú 78. Líìgì 88.
Ọdún mọ́kànlá lápapọ̀: bọ́ọ̀lù 1344, àṣìṣe 144. Ó mú 89. Líìgì 87.

Mo wo ìlà ìkẹyìn yẹn pẹ́. Pẹ̀lú ojú kan, pẹ̀lú gbogbo àṣìṣe tí mo fi pamọ́, ó ṣì ju ìpíndọ́gba lọ. Kò nílò irọ́ mi. Ká ní mo ti kọ mẹ́fà ti 2016 bó ṣe rí, à bá ti bi í léèrè nígbà náà, ó ṣeé ṣe kó ní ojú méjì lónìí, kí Àṣìkẹ́ sì máa yan gàrí.

Mo fi ẹ̀dà kan ránṣẹ́ sí Alfred, mo fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí Ọ̀gá Adégbóyè pẹ̀lú ìwé rẹ̀. Mo kọ ọ́ sísàlẹ̀ pé kí wọ́n wá akọ̀wé mìíràn.

Alfred pè. "Kí lẹ̀ ń da ara yín láàmú sí? Ẹ jẹ́ kó sinmi."

Ọ̀gá ò pè. Ó fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù: "Mo rí i gbà. Ó dùn mí fún ọmọ náà. Ó dùn mí fún ìwọ náà."

Ọjọ́bọ̀, 5 oṣù kejìlá

Èmi àti Àúdù lọ sí Ìmàsàyí. Òun ló ní ká lọ. Mo fẹ́ bá a sọ ohun tó fẹ́ sọ, ó ní rárá.

Gbọ́lá wà ní pálọ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀ àgbà. Agbada tí Àṣìkẹ́ fi ń yan gàrí wà ní ìdojúdé lẹ́yìnkùlé, mo rí i láti ojú fèrèsé. Wọ́n fún wa ní àga, wọ́n fún wa lómi.

Àúdù kúrò lórí àga, ó kúnlẹ̀ pẹ̀lú apá tí wọ́n so kọ́ ọrùn. "Ẹ̀gbọ́n Gbọ́lá, ọkọ̀ yẹn sáré lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ojú òsì mi ò ríran. Àwọn yòókù rí ọkọ̀, èmi ò rí i títí ó fi gbá wa. Mo sì ti mọ̀ pé ojú mi ò ríran kí n tó gbé ìyàwó yín. Bẹ́ ẹ bá ní ká lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá, mo ti múra."

Gbọ́lá ní, "Ta ló tún mọ̀?"

"Èmi," mo wí. "Láti ọjọ́ kejìlélógún oṣù kẹwàá."

Ó fi ìka kà á, ètè rẹ̀ ń mì. Olùkọ́ ìṣirò ni mí, ṣùgbọ́n n kò tíì dán ìṣirò yẹn wò.

"Ọjọ́ mẹ́tàlélógún," ó wí. "Ọjọ́ mẹ́tàlélógún lẹ fi mọ̀. Ọjà márùn-ún ló ná láàárín rẹ̀."

Ìyá àgbà bẹ̀rẹ̀ sí sunkún. Gbọ́lá ní, "Ọlọ́pàá ò ní jí i. Ẹ dìde. Ẹ máa lọ."

A rìn dé ẹ̀bá títì. Àúdù yí ọrùn rẹ̀ sósì, ó wo títì ká tó sọdá.

Àbámẹ́ta, 14 oṣù kejìlá

Gbọ́lá pè. Kò kí mi.

"Ọ̀rọ̀ tí àbúrò yín sọ ní pálọ̀ mi, kó wá sọ ọ́ lójú àwọn ọlọ́kadà Ọjà-Ọ̀dàn. Wọ́n ń ṣèpàdé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, lọ́jọ́ Àìkú. Mi ò ní kó wá tọrọ àforíjì o. Mi ò tíì ní in láti fún un."

Mo ní a ó wá.

Jẹ̀mílátù ti padà ń bá Àúdù sọ̀rọ̀, lórí oògùn ojú nìkan. "Gbójú sókè." "Má ṣẹ́jú." Ó ti tú okùn tí wọ́n fi so apá ọkọ rẹ̀ kọ́ ọrùn. Ọ̀kadà ti lọ. Ọmọ Ìdógò kan ló rà á.

Àìkú, 22 oṣù kejìlá

Ọyẹ́ ti dé. Eruku bo gbogbo nǹkan, ètè mi sán.

Wọ́n tó ọgbọ̀n lábẹ́ igi odán ní gáréèjì Ọjà-Ọ̀dàn, kálukú lórí ọ̀kadà rẹ̀. Gbọ́lá dúró lẹ́yìn pátápátá, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà. Àúdù sọ ọ́. Kò fi ohunkóhun pamọ́, kò dárúkọ ọkọ̀ ìrẹsì rárá. Ó ní, "Ẹ bo ojú ọ̀tún yín, kẹ́ ẹ fi òsì wo títì. Ẹ tún bo òsì. Bó bá yàtọ̀, ẹ lọ rí dókítà. Èmi ò lọ. Ẹ ti gbọ́ ohun tó tẹ̀yìn rẹ̀ yọ."

Ọ̀kan kígbe láti ẹ̀yìn, "Ìjọba gba bọ́dà lọ́wọ́ wa, ó gba epo, ẹ̀yin náà tún fẹ́ gba títì?" Àwọn kan rẹ́rìn-ín. Alága wọn dúpẹ́ lọ́wọ́ wa, ó ti ń wo aago. Mo rí ẹni márùn-ún tó gbé ọwọ́ bo ojú, tí wọ́n ṣe é bí ẹni ń nu eruku.

Nígbà tí wọ́n ń túká, àgbàlagbà kan tí wọ́n ń pè ní Bàbá Ògúnníyì sún ọ̀kadà rẹ̀ wá sí ẹ̀gbẹ́ mi.

"Tíṣà. Bí èèyàn bá bo ọ̀kan, tí èkejì ń rí bí èéfín, kí nìyẹn?"

"Dókítà ni kẹ́ ẹ lọ rí, Bàbá. Lọ́la."

"Bí wọ́n bá ní kí n má gùn ún mọ́ ńkọ́? Ta ni yóò bọ́ mi?"

Ó ṣáná sí ọ̀kadà rẹ̀. Ní oríta, obìnrin kan tó pọn ọmọ, tó gbé àpò ẹ̀gẹ́ lérí, na ọwọ́ sí i. Ó dúró. Obìnrin náà gùn ún.

Ọ̀gọ̀ọ̀rọ̀ èèyàn ló wà níbẹ̀. Mo sáré, èmi tíṣà ẹni ọdún méjìdínlógójì, gèlè mi jábọ́, mo di irin ẹ̀yìn ọ̀kadà náà mú.

"Ẹ sọ̀kalẹ̀," mo sọ fún obìnrin náà. "Ojú rẹ̀ ò ríran. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ sọ̀kalẹ̀."

Bàbá Ògúnníyì yíjú padà. Èébú tó bú mi, n kò lè kọ ọ́ síbí. Ó ní mo ti ba orúkọ òun jẹ́ lójú ọjà, ó ní ṣé ẹ̀jẹ̀ tó wà lọ́wọ́ ìdílé wa kò tó wa ni. Àwọn èèyàn dúró wò. Obìnrin náà wo ojú mi, ó wo ojú bàbá, ó sọ̀kalẹ̀, inú rẹ̀ ò dùn rárá.

"Ìmàsàyí ni mò ń lọ," ó wí. "Ọ̀kadà ò sí mọ́. Kí lẹ fẹ́ kí n ṣe báyìí?"

Mo gba àpò ẹ̀gẹ́ lórí rẹ̀, mo gbé e lé tèmi. Àúdù bọ́ sí apá ọ̀tún mi, kí n lè wà lápá òsì rẹ̀. A bẹ̀rẹ̀ sí rìn lọ sí Ìmàsàyí.